Etí Ló Yẹ Ká Fi Bẹ̀rẹ̀: Èdè Mẹkáníìkì Láàárín Èkó àti Àbíjàn

Láti Èjìgbò àti àwọn ìlú Ọ̀ṣun mìíràn ni ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Àbíjàn ti ṣẹ̀ wá. Anango ni àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, Faransé ni wọ́n fi ń ṣòwò, ọ̀pọ̀ wọn sì gbọ́ Dioula tí wọ́n fi ń ná ọjà ní Adjamé. Bí ọkọ̀ bá wá yọnu, èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a pàdé nídìí bọ́nẹ́ẹ̀tì kan.

Ẹ jẹ́ ká mú Toyota Land Cruiser àtijọ́ kan, ọ̀kan lára ìran tó jáde ní 1984, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti 2018 ni ìjọba Côte d'Ivoire ò ti gbà kí ọkọ̀ àlòkù àdáni tó ti ju ọdún márùn-ún lọ wọlé mọ́. Àwọn àgbà ọkọ̀ tó ti wọlé ṣáájú ṣì wà lójú títì, wọ́n ń tún wọn ṣe, wọ́n sì ń wá páàtì wọn lọ sí casse, níbi tí wọ́n ti ń tú òkú ọkọ̀ tà. Ẹni tó ni Land Cruiser wa yìí dé, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó, ó ń pariwo níwájú." Kò tíì sọ nǹkan kan. Béárìn wà níwájú, jọ́ìntì wà níwájú, jíà wà níwájú, kálukú ló sì ní igbe tirẹ̀.

Ohun tí ará Èkó ń pè ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, rotule ni ọmọ Àbíjàn mọ̀ ọ́n sí. Béárìn ará Ìbàdàn, roulement ni ní Treichville ní Àbíjàn. Ọmọ bàbá kan náà lè dúró ti irin kan náà kí wọ́n má gbọ́ ara wọn yé, torí pé Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ̀kan, Faransé kọ́ èkejì. Ìdí tí mo fi ń fẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Àwọn àgbà ti là wá lọ́nà. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá kìíní jáde, Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú. Èkejì jáde ní 1990, Ọládélé Awóbùlúyì ló bójú tó o. Ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n gbájú mọ́, orúkọ ni wọ́n sì ń wá fún nǹkan. Nídìí ọkọ̀, èrò tèmi ni pé ká kọ́kọ́ fi orúkọ irin sílẹ̀, ká mú ìró. Ìró ni ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn fi ń rojọ́, ọ̀rọ̀ ìró tí Yorùbá ní kò sì yàtọ̀ ní Èkó àti ní Àbíjàn.

Kùn ni mo máa fi ṣáájú. Bí ariwo bá ń lọ gbọọrọ, tó ń ga bí eré ṣe ń ga, ọkọ̀ náà ń kùn, béárìn ẹsẹ̀ táyà la ó kọ́kọ́ fura sí. Tí a bá rọra yí sítíárìn sí òsì lójú eré tí kíkùn náà le sí i, apá ọ̀tún ló ṣeé ṣe kó ti wá, torí ibẹ̀ ni ẹrù ọkọ̀ fẹ̀yìn tì. Tó bá jẹ́ pé bí ojú ọ̀nà ṣe ń yàtọ̀ ni ohùn náà ń yàtọ̀, ẹ yẹ táyà wò. Kíkùn tó sì ń yí padà bí a ṣe ń tẹ iná tí a ń gbẹ́sẹ̀ kúrò, jíà tó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú ni kí ẹ bi.

Ti ìró ẹ̀ẹ̀kan yàtọ̀. Yorùbá máa ń fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ ohun tó wúwo, a fi ohùn òkè sọ èyí tó fúyẹ́: ròbòtò tóbi, róbótó kéré. Nítorí náà, tí ọkọ̀ bá ró gbì nínú kòtò, rọ́bà tó gba irin dúró ti jẹ. Tó bá dún káá bí a ti ki jíà, tí a tún gbọ́ ọ bí a ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, irin ń na irin nínú cardan, ìyẹn jọ́ìntì ọ̀pá tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀. Tó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ nígbà tí a yí sítíárìn dé òpin, lórí yẹ̀pẹ̀, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, jọ́ìntì inú ẹsẹ̀ iwájú ni. Oníbàárà tó bá lè sọ gbì, káá tàbí kẹ́kẹ́kẹ́ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Àwọn orúkọ náà ló wá kàn. Cardan tí Faransé ń pè, orúkọ ènìyàn ni: Girolamo Cardano, oníṣègùn àti onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ oríkèé? Ẹ jẹ́ kó di bàbá gbogbo wọn. Irin tó ṣe àgbélébùú ló wà láàárín cardan, ó di oríkèé àgbélébùú. Rotule di oríkèé róbótó. Jọ́ìntì inú ẹsẹ̀ iwájú, irú èyí tí Alfred Rzeppa gbé jáde ní àwọn ọdún 1920, bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà ló ń gbé agbára nínú rẹ̀. Oríkèé oníbọ́ọ̀lù-mẹ́fà ni mo pè é. Béárìn ní tirẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án, ó ti mọ́ ẹnu.

Ibi kan wà tí ìtumọ̀ lè ṣì wá lọ́nà. Bí irin bá ti jẹ tó ń yẹ̀ nínú ihò rẹ̀, play ni Gẹ̀ẹ́sì ń wí, jeu ni Faransé ń wí. Tí a bá tẹ̀lé wọn, eré ni à bá pè é, bẹ́ẹ̀ eré ọkọ̀ ti jẹ́ bó ṣe ń sáré tó. Ìmì ló bá a mu. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Tó bá mì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì: bí ìmì bá dáwọ́ dúró, béárìn táyà ni; bó bá ṣì ń mì, béárìn tí ẹsẹ̀ táyà fi ń yà sọ́tùn-ún sósì ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ló ti ń mì, ẹ lọ wo oríkèé róbótó ti ọ̀pá sítíárìn.