Ẹ̀rọ Dé, Iná Ò Dé

Ní 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ tó ju 800,000 ló ya wọ kíláàsì. Tíṣà ò tó. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 1959, wọ́n ní kí tẹlifíṣàn máa bá tíṣà kọ́ ọmọ. Ó dáa, àmọ́ abúlé mélòó ló níná?

Ní 2013, ìjọba Ọ̀ṣun gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ dé, ọ̀pọ̀ ìwé nínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ṣoṣo. Iná lòun náà ń jẹ.

Mi ò bá ẹ̀rọ jà o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, púpọ̀ nínú wa ló máa di tíṣà lọ́la. Bí wọ́n bá tún gbé ẹ̀rọ dé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè iná.