Ìlù Ẹdẹ àti Dùùrù Jáàsì

Orin ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. A fẹ́ wo bí ènìyàn ṣe ń kọ́ dùùrù píánò lọ́nà jáàsì, títí yóò fi lè máa dá orin tirẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìsí ìwé níwájú rẹ̀. Láti ìlú Ẹdẹ ni a ó sì ti wò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni Ẹdẹ ní í ṣe pẹ̀lú jáàsì, kí ó ní sùúrù díẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń da àwọn olórin wa láàmú láti ìgbà tí dùùrù ti dé ilẹ̀ Yorùbá. Ǹjẹ́ a lè kọ́ ọgbọ́n orin tí ó ti òkè òkun wá, kí a má sì ba èdè wa jẹ́? Ìbéèrè náà kò kéré, nítorí pé ohùn ni èdè wa fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: igba. Bí a bá pè é ní re re, iye ni, bí igba ọmọ. Bí a bá pè é ní re mí, ó di igbá tí a fi ń bu omi. Re dò, ó di igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Dò dò, ó di ìgbà, bí ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí orin bá wá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè, ẹni tí ó ní òun ń kọrin igbá ti kọrin igbà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí a túmọ̀ orin ìsìn àwọn òyìnbó sí Yorùbá tí a sì fi ohùn orin wọn gan-an kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn Yorùbá kò sí níbẹ̀. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù tí ó sì ń darí akọrin ní Kátídírà Krístì ní Èkó, tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wá ṣe sí kọ́ọ̀dù, èyí tí í ṣe ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Àwọn onílù ti mọ ìdajì ìdáhùn kí dùùrù tó dé. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ẹdẹ lọ gbọ́ ọ.

Timi Adétóyèṣe Láoyè Kìíní jọba ní Ẹdẹ láti 1946 títí di 1975. Ìdílé Àyàn ni a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìlù, ẹnikẹ́ni kò sì retí pé ọba yóò gbé ìlù kọ́ apá. Ṣùgbọ́n ọba yìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù ú, ó sì mọ̀ ọ́n lù. Ó kọ àròkọ lórí ìlù Yorùbá, èyí tí a tẹ̀ sínú ìwé Odù ní 1959, kí àwọn tí kò gbọ́ èdè ìlù lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Nínú ọ̀wọ́ ìlù dùndún, ìyá ìlù wà, kẹríkẹrì wà, gángan, ìṣáájú àti kànàngó wà, gúdúgúdú sì wà pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń lu gúdúgúdú gbé e kọ́ ọrùn, ó ń fi bílálà méjì nà án, ohun kan náà ni ó sì ń tún lù lemọ́lemọ́. Àwọn ìlù atẹ̀lé náà ní ohun tí wọ́n ń tún lù. Ìyá ìlù nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ bí ó ti wù ú. Onílù ń fún ọṣán, ohùn ń gòkè. Ó ń dẹ̀ ẹ́, ohùn ń sọ̀ kalẹ̀. Ó lè ki ọba, kí ó pa òwe, kí ó sì bú ẹni tí ó yẹ ní bíbú. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó jáde nílé. Ojú agbo ni ó ti ń dá a. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ ìlù nù, nítorí pé àwọn yòókù ń gbè é. Ẹnì kan ní í sọ̀rọ̀, àwọn yòókù a sì máa gbè é. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sídìí dùùrù. Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni jáàsì jáde ní New Orleans, ìlú èbúté kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn dúdú ni ó dá a sílẹ̀, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n gba kọ́ọ̀dù lọ́wọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì àti orin fèrè àwọn ológun. Ṣùgbọ́n wọn kò lò ó bí àwọn tí ó ni ín ti ń lò ó. Wọ́n sọ ọ́ di ohun tí a ń tún lù lemọ́lemọ́, kí ẹnì kan lè máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Lọ́wọ́ atẹ-dùùrù jáàsì, ọwọ́ òsì ni ìlù atẹ̀lé, ọwọ́ ọ̀tún ni ìyá ìlù.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí dùùrù bá wà nítòsí yín, ẹ lè dán èyí wò. Ẹ tẹ dò mí só pọ̀: a ó pe èyí ní ilé dò. Fá lá dò, ilé fá. Só tí re, ilé só. Orin tí wọ́n ń pè ní blues, ilé mẹ́ta yìí ni ó ń bẹ̀ wò. Òṣùwọ̀n méjìlá ni. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ jókòó ní ilé dò. Ní ìkarùn-ún àti ìkẹfà, ẹ lọ sí ilé fá. Ní ìkeje àti ìkẹjọ, ẹ padà sí dò. Ní ìkẹsàn-án, ẹ lọ sí só. Ní ìkẹwàá, fá. Ní ìkọkànlá àti ìkejìlá, ẹ ti dé ilé dò. Lẹ́yìn náà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Àìmọye orin ni wọ́n ti ṣe sórí òṣùwọ̀n méjìlá yìí, ọ̀kan kò sì jọ èkejì.

Ọ̀nà kejì tí ẹni tí ń kọ́ jáàsì kò lè ṣe aláìmọ̀ kúrú ju ìyẹn lọ. Ẹ tẹ re fá lá dò pọ̀; lẹ́yìn rẹ̀, só tí re fá; lẹ́yìn rẹ̀, dò mí só tí. Ẹ kíyè sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Láti àkọ́kọ́ sí èkejì, re àti fá dúró sí ààyè wọn, dò sì sọ̀ díẹ̀ sí tí. Láti èkejì sí ẹ̀kẹta, só àti tí dúró, fá sì sọ̀ díẹ̀ sí mí. Ìsọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yìí ni ó ń fa etí lọ sílé. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kò ní í máa fi ọwọ́ wá kọ́ọ̀dù kiri bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ lókùnkùn.

Ọmọ Yorùbá kan wà tí ó rin ọ̀nà yìí já. Fẹlá Ṣówándé ni, tí a bí ní 1905. Àlùfáà tí ó mọ orin ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa ni bàbá rẹ̀. Phillips tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni ó kọ́ Fẹlá ní dùùrù ní Èkó, ibẹ̀ náà ni ó sì ti darí ẹgbẹ́ eléré ijó. Ní àárín àwọn ọdún 1930, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1936, òun ni ó tẹ píánò nínú Rhapsody in Blue, orin ńlá tí George Gershwin ṣe ní 1924. Ó bá Fats Waller, gbajúmọ̀ atẹ-dùùrù Amẹ́ríkà, tẹ píánò méjì pọ̀. Waller alára, ọmọ oníwàásù ni. Orin ìsìn bàbá rẹ̀ ni ó fi dùùrù gbè kí ó tó di ọ̀gá nínú jáàsì. Ṣówándé tún tẹ dùùrù fún Adelaide Hall, obìnrin olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà.

Síbẹ̀, jáàsì kò mú kí ó kọ ẹ̀yìn sí ìwé. Ní 1943 ó gba oyè Fellow ti Royal College of Organists. Ní 1944 ó ṣe African Suite fún àwọn olókùn, ó sì fi orin híláìfù kan parí rẹ̀. Láti 1945 dé 1952, òun ni ó ń tẹ dùùrù tí ó sì ń darí akọrin fún ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí ń pàdé ní Kingsway Hall. Ní 1953 ó padà wá sílé láti ṣe olórí ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà. Ó gbé orin Yorùbá bí Oyígíyigì karí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú kọ́ọ̀dù tí ó jinlẹ̀. Ní 1987 ni ó kú, ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí ìbéèrè wa. Ṣé kọ́ọ̀dù ni ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nínú orin ìsìn àtijọ́? Rárá o. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé a ti ṣe ohùn orin náà tán fún èdè mìíràn kí ọ̀rọ̀ wa tó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn mẹ́rin ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà, olúkúlùkù lójú ọ̀nà tirẹ̀. Bí ohùn òkè bá tilẹ̀ pe ọ̀rọ̀ náà re, ohùn ìsàlẹ̀ lè máa pè é ní nǹkan mìíràn. Ó dà bí ẹni pé ìlù mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onílù Ẹdẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Atẹ-dùùrù jáàsì náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: kọ́ọ̀dù ń gbè, ohùn kan ni ó sì ń sọ̀rọ̀.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wa àárọ̀. Ẹ fi ọwọ́ òsì tẹ ilé só, kí ẹ sì tẹ ilé dò tẹ̀ lé e. Kí ọwọ́ ọ̀tún tẹ re lórí àkọ́kọ́, kí ó tẹ mí lórí èkejì: igbá nìyẹn. Ẹ má ṣe yí ọwọ́ òsì padà rárá. Kí ọwọ́ ọ̀tún tẹ re, kí ó sì sọ̀ sí dò: igbà nìyẹn. Ọ̀nà kan náà gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sì ṣi èyíkéyìí pè. Bí ẹ bá fẹ́ pe ìgbà, dò wà ní ilé fá, ó sì wà ní ilé dò. Bí ẹ bá fẹ́ pe igba, re wà nínú re fá lá dò, ó sì wà nínú só tí re fá. Ẹ rí i pé ẹni tí ó mọ ohùn tí ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan ni ó lè pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni kọ́ọ̀dù yóò máa fà kiri.

Bákan náà ni ó rí fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe orin tuntun. Ní 1930, Gershwin ṣe orin kan tí ń jẹ́ I Got Rhythm. Àwọn olórin jáàsì fi kọ́ọ̀dù rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, wọ́n sì fi ohùn tuntun lé e lórí. Charlie Parker ṣe bẹ́ẹ̀. Sonny Rollins náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Oleo. Ó dà bí ẹni tí ó fi òpó ilé sílẹ̀ tí ó sì mọ ògiri mìíràn yí i ká.

Àwọn ilé náà kò sì ní iye kan pàtó. Ní 1959, ọdún tí àròkọ Timi jáde, John Coltrane gba Giant Steps sílẹ̀, níbi tí kọ́ọ̀dù ti ń yí padà kíákíá. Ní ọdún yẹn kan náà, Miles Davis gba So What sílẹ̀, tí Bill Evans tẹ píánò sí. Ilé méjì péré ni ó wà nínú òṣùwọ̀n méjìlélọ́gbọ̀n rẹ̀: mẹ́rìndínlógún nínú ọ̀kan, mẹ́jọ nínú èkejì, mẹ́jọ padà sínú ti àkọ́kọ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Akin Euba, tí a bí ní Èkó ní 1935 tí ó sì kú ní 2020, gba ọ̀nà mìíràn. Ó kọ́ píánò dé góńgó, ó sì tún fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí ìlù dùndún. Ìmọ̀ràn tirẹ̀ ni pé kí a máa tẹ píánò bí ẹni ń lùlù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ, ẹ má ṣe kánjú lọ sídìí ìyá ìlù. Ọmọ Àyàn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìlù atẹ̀lé ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́, títí ohun tí à ń tún lù yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Bákan náà, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì kọ́kọ́ mọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹ kọ́ ilé mẹ́ta ti blues, kí ẹ sì kọ́ ọ̀nà kúkúrú kejì. Ẹ gbé dò lọ sórí bọ́tìnnì mìíràn, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, títí ẹ ó fi dé orí gbogbo ohùn méjèèjìlá tí ó wà lórí dùùrù. Kí ẹ máa fi ẹnu pe orúkọ ohùn bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù mú orúkọ ara rẹ̀ wá. Òjó, dò mí ni. Ohùn méjèèjì wà ní ilé dò. Adé, re mí. Ayọ̀, re dò. Ẹ ti mọ ilé tí wọ́n ń gbé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ gùn, kí ó wá ilé púpọ̀ sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tí ó wà nítòsí, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀, kí ó sọ orúkọ tí ó gbọ́. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í dára.