Dídi Tábìlì Ayípo Mú: Ọgbọ́n Tó Wà Lẹ́yìn Iṣẹ́ Ìtẹ̀wé ní Ṣómólú

Bí a bá ń sọ ìtàn ìtẹ̀wé nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ̀ Henry Townsend ni a máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1854, tó sì dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní 1859. A ó wá sọ ọ́ dé Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ Heidelberg àlòkù láti Jámánì ti ń ké tọ̀sán-tòru. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ìtàn náà kì í sábàá dárúkọ, ìyẹn àwọn tọ́nà. Láti Ìlàjẹ létí ọ̀sà ní Bàrígà wọ inú Ṣómólú, bí jíà ẹ̀rọ bá jẹ, tí owó tuntun sì ga ju agbára lọ, tọ́nà ni onítẹ̀wé ń sá tọ̀.

Orí tábìlì irin róbótó tó ń yí ni a ti lè gé irú jíà bẹ́ẹ̀. Sìkúrúù kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó wọ inú eyín tábìlì. Nínú irú kan tó wọ́pọ̀, ìgbà 90 ni a ó yí ọwọ́ rẹ̀ kí tábìlì tó yí po lẹ́ẹ̀kan; bí jíà yóò bá ní eyín 24, ìyípo mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni láti eyín kan sí èkejì. Ìṣirò kò le. Ohun tó le ni kí tábìlì dúró. Àyè tíntín máa ń wà láàárín sìkúrúù àti eyín. Bí abẹ ẹ̀rọ bá kan irin, ó lè ti tábìlì sínú àyè yẹn, kí eyín kan sanra, kí èkejì tín-ín-rín. Nítorí náà, a ó fún ìdè tábìlì pa kí abẹ tó kan irin, a ó sì tú u kí a tó tún yí i. Bí a bá yí i kọjá àmì, a kì í kàn fà á padà díẹ̀; a ó dá a padà sẹ́yìn dáadáa, a ó sì tún gba apá ibi tí a ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀ wá.

Orí bébà ni àṣìṣe ti ń hàn: ìlà fẹ́ẹ́rẹ́-fẹ́ẹ́rẹ́ yóò la àwòrán kọjá, jíjìnnà wọn síra yóò sì bá ti eyín jíà mu. Oníbàárà kò mọ tọ́nà rí. Iṣẹ́ onítẹ̀wé ni yóò kọ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní àwọn ọdún 1770, Jesse Ramsden ṣe ẹ̀rọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń pín òbìrìkìtì sí dígírì fún ohun èlò tí àwọn atukọ̀ òkun fi ń wo oòrùn àti ìràwọ̀. Eyín 2160 ló wà létí àwo idẹ rẹ̀; ìyípo sìkúrúù kan kò sún un ju ìdá kan nínú mẹ́fà dígírì lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san £615 fún un, wọ́n sì tẹ àlàyé ẹ̀rọ náà jáde ní 1777. Ohun tó wú wa lórí jù ni àdéhùn pé kí ó fi iṣẹ́ náà kọ́ àwọn mìíràn, tí wọn kò ní ju mẹ́wàá lọ.

Ní Èkó, ọ̀nà ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ sí í là ní 1896 ló mú ilé ìtúnṣe ńlá wá sí Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ Yábàá tẹ̀ lé e ní 1947. Àwọn méjèèjì kò jìnnà sí Ṣómólú. Àmọ́ lójú tiwa, ẹ̀yìn ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù ni ọgbọ́n yìí fìdí múlẹ̀ sí jù, lórí tábìlì àlòkù tí ìdè rẹ̀ ti ń yọ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ́tí sí ìró abẹ: bí ìró náà bá ti yí padà, tábìlì ti ń mì nìyẹn, ọ̀gá á sì ní kí ó pa ẹ̀rọ.