Weah: Nígbà Tí Fèrè Dún

Clara Town, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Monrovia, ni George Weah ti dàgbà. Bọ́ọ̀lù ló gbé e dé Monaco ní 1988. Ní 1995, òun lọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Ballon d'Or. Ní 2005 ó du ipò ààrẹ Làìbéríà. Wọ́n ní kò kàwé. Ellen Johnson Sirleaf sì borí ẹ̀. Weah ní òjóòró ni, àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ tú sígboro.

Ó padà sílé ìwé, ó gboyè, ó sì di ààrẹ ní 2018. Ṣùgbọ́n ìlú le. Ní 2023, Joseph Boakai fi bí 20,000 ìbò lù ú. Kí wọ́n tó kéde èsì, Weah ti pè é, ó kí i kú oríire.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nílẹ̀ tí ogun ti jà lẹ́ẹ̀mejì, góòlù wo ló jùyẹn lọ?