Ìwé Fádípẹ̀

Ẹni tó bá lọ ka sosiọ́lọ́jì fún oyè másítà nílẹ̀ Yorùbá lónìí, orúkọ Durkheim, Weber àti Marx ni yóò kọ́kọ́ máa gbọ́. Mo ka àwọn náà, mo sì jèrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi n'Íbàdàn pé ẹsúsú àwọn aládìrẹ Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ fi ṣe àpilẹ̀kọ, wọ́n ní, "Lọ ka Fádípẹ̀ ná." Ọmọ Abẹ́òkúta bíi tèmi ti la ọ̀nà yìí sílẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá mi.

Ọdún 1893 ni wọ́n bí Nathaniel Akínrẹ̀mí Fádípẹ̀, ọdún tí Gómìnà Carter ti Èkó ń bá àwọn ọba Yorùbá tọwọ́ bọ̀wé, tí àwọn jagunjagun tó kù lójú ogun sì tú àgọ́ wọn ká. Ọwọ́ àwọn tó ti fojú rí ogun, tó ti yá ìwọ̀fà, tó mọ bí agbo ilé ṣe ń tò lábẹ́ baálé kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbàjọba, ni ó dàgbà sí. Lójú tèmi, ìyẹn hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ju ohunkóhun tó kọ́ lókè òkun lọ.

Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọdún 1948 ni ti Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀, sosiọ́lọ́jì kò sì sí lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ níbẹ̀. New York ni Fádípẹ̀ ti gba másítà, ní Yunifásítì Columbia. Ó kọ́ni ní Achimota ní Gold Coast, ó sì parí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní London ní 1939. The Sociology of the Yoruba ni àkòrí rẹ̀.

Ní àsìkò kan náà, Jomo Kenyatta ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn Kikuyu ní London. Tirẹ̀ di ìwé ní 1938, ayé sì kà á. Ti Fádípẹ̀ wà lórí pẹpẹ. Ó kú ní 1944 láìfojú kàn án ní títẹ̀. Ó dùn mí, pàápàá tí mo bá rántí Samuel Johnson, tó parí ìtàn Yorùbá ní 1897, tó kú ní 1901, tí ìwé náà kò sì jáde títí di 1921. Ti Fádípẹ̀, 1970 ni. Àwọn onímọ̀ méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ Òkédìjí ló tò ó, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí a rò pé a ti mọ̀. Bí alárenà ṣe ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìdílé méjì kí ìyàwó tó relé ọkọ. Àáró, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Ọ̀wẹ̀, tí ọkọ fi ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá àna rẹ̀ kọ ebè, tó jẹ́ pé oúnjẹ ni owó iṣẹ́ wọn. Ìwọ̀fà: ẹni tó yáwó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó, iṣẹ́ náà á dúró fún èlé, kò sì ní dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè. Ẹ rò ó wò. Ènìyàn lè sìn títí irun rẹ̀ á fi funfun, kí owó ọjọ́ kìn-ín-ní ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹsúsú wá ńkọ́? Ẹgbẹ́ kan á dá iye kan náà lọ́jọ́ kan náà, ẹnì kan á kó o, yóò yí ká títí yóò fi kan ẹni ìkẹyìn. Kò sí èlé. Owó yíyá ni fún ẹni tó kọ́kọ́ kó o, owó ìpamọ́ ni fún ẹni tó kó o kẹ́yìn. Àjọ yàtọ̀: lójoojúmọ́ ni alájọ ń gbowó, owó ọjọ́ kan ni yóò sì mú nígbà tí oṣù bá parí. Àwọn tó ń kọ̀wé a máa da méjèèjì pọ̀, inú a sì máa bí mi. William Bascom ará Amẹ́ríkà, tó ṣèwádìí n'Ífẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ̀wé lórí ẹsúsú ní 1952. Òun ni ayé ń tọ́ka sí. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ti Fádípẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú.

Ní 1980, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsola Akiwowo gbé irú ìmọ̀ yìí síwájú sí i: ó mú àjọbí, ìyẹn ìbátan ẹ̀jẹ̀, àti àjọgbé, ìyẹn jíjọ gbé pọ̀, ó fi wọ́n ṣe ohun èlò tí a lè fi wo àwùjọ èyíkéyìí. Wọ́n bá a jiyàn gan-an. Inú mi dùn pé wọ́n jiyàn.

Ní Ìtòkú báyìí, orí fóònù ni àwọn kan ń gbà fi owó ẹsúsú ránṣẹ́, ẹlòmíràn kò sì mọ ilé ẹni tó ń kó o. Àwọn àgbà ibẹ̀ sọ fún mi pé láyé àtijọ́, bí ẹni tó ti kó tirẹ̀ bá sá, agbo ilé rẹ̀ ni wọ́n ń lọ bá, agbo ilé á sì san án. Ta ni wọ́n ń lọ bá lónìí tí agbo ilé ti tú ká? Ìbéèrè àpilẹ̀kọ mi nìyẹn.