Ààbò Ọmọ, Ìbáwí àti Ẹ̀bi Òṣìṣẹ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́: Ohun Tí Òfin Wí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Nígbà tí òbí bá fa ọmọ rẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀, ohun méjì ni òfin kà sí pé ó gbé fún un: àṣẹ láti tọ́ ọmọ náà sọ́nà, àti ojúṣe láti dá a padà ní àlàáfíà. Èkíní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Èkejì ni ó máa ń gbé olùkọ́ dé iwájú adájọ́. A kọ àlàyé yìí kí òbí, olùkọ́ àti onílé-ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ wa lè mọ ibi tí àṣẹ parí sí, àti ẹni tí ẹ̀bi yóò dé bá bí ọmọ bá fara pa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹgba, nítorí òun ni àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún láti ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pé òbí lè fi ìyà tí ó mọ níwọ̀n bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 wí. Ó sì kà á sí pé òbí ti gbé àṣẹ yìí fún olùkọ́, àyàfi bí òbí bá sọ ọ́ gbangba pé òun kò gbé e. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Òbí tí kò bá fẹ́ kí a na ọmọ òun lè kọ ìwé bẹ́ẹ̀ sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì pa ẹ̀dà kan mọ́ sílé. Láti ọjọ́ náà lọ, olùkọ́ tí ó bá na ọmọ náà kò lè sá sábẹ́ àṣẹ òbí mọ́.

Níbi tí àṣẹ náà bá tilẹ̀ wà, ó ní ààlà. Ìyà náà kò gbọ́dọ̀ dá ọgbẹ́ sí ọmọ lára, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe é ní ìpalára ńlá. A ó wo ọjọ́ orí ọmọ, ìlera rẹ̀ àti bí òye rẹ̀ ti tó kí a tó mọ̀ bóyá ìyà náà mọ níwọ̀n. Ẹgba mẹ́ta tí ọmọ kan lè fara dà lè di ọ̀ràn ńlá lára ọmọ tí ó ní ikọ́ fée tàbí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Ọmọ tí kò sì tíì ní òye ìdí tí a fi ń jẹ ẹ́ níyà, òfin kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti nà án rárá. Ẹ̀yin olùkọ́ jẹ́léósinmi, ẹ kíyè sí èyí.

Lẹ́yìn náà ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé dé. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ wa sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ni òfin náà pè ní ọmọdé, ó sì kọ ìwà tí ó lè pa ọmọ lára, tí ó lè da ọkàn rẹ̀ rú, tàbí tí ó lè tẹ́ ẹ lójú àwùjọ. Lójú tiwa, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ sùn lóorun yóò jìnnà sí pàṣán: òfin àtijọ́ fún un ní àyè tóóró, òfin tuntun sì ti sún ògiri mọ́ àyè náà.

Lílé ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú ọ̀gá. Ní ọdún 1986, nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Máídúgùrì, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé lílé tí a lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́yìn rògbòdìyàn. Ẹni tí ó darí ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn wà lára àwọn tí rògbòdìyàn náà ṣe lọ́ṣẹ́. Báwo ni ẹni tí a ṣẹ̀ yóò ṣe tún jẹ́ onídàájọ́? Ọ̀rọ̀ yunifásítì ni ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ kan gbogbo ilé-ẹ̀kọ́: kí a sọ ẹ̀sùn fún akẹ́kọ̀ọ́, kí a fún un láyè láti fèsì, kí ẹni tí kò sí lára ọ̀ràn náà sì gbọ́ ọ.

Ní ti ààbò, ẹ̀bi kò dúró lórí ẹgba nìkan. Kànga tí a kò dé, ògiri tí ó ti sán, ọkọ̀ tí a kó ọmọ kún ju bó ti yẹ lọ, ẹnu-ọ̀nà tí àjèjì lè gbà wọlé mú ọmọ lọ: bí ilé-ẹ̀kọ́ bá rí ewu bẹ́ẹ̀, tàbí bí ó bá yẹ kí ó rí i, tí kò sì ṣe nǹkan kan, ó lè san owó gbà-má-bínú. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣe àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ lè bá a ru ẹ̀bi náà. Kò sí ẹni tí ó lè gbàgbé ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, nígbà tí ọmọ 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ kan tí a ṣe nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn. Kí onílé-ẹ̀kọ́ tó yá ẹnikẹ́ni ní ọgbà, kí ó béèrè iye ènìyàn tí ń bọ̀, iye ẹnu-ọ̀nà tí yóò ṣí, àti ẹni tí yóò ṣọ́ wọn.

Ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọmọdé kò ní àwáwí. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin ọdún 2003 kọ sílẹ̀ fún un, kò sì bìkítà bí ọmọ náà bá gbà tàbí bí ó bá dàgbà lójú. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ pe ìpàdé ìlàjà lé e lórí.

Bí a bá pa ọmọ yín lára, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì gba ìwé àyẹ̀wò. Ẹ ya àwòrán ojú ọgbẹ́ kí ó tó jiná. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Bí ó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí SUBEB. TESCOM ni ti girama. Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ni ti aládàáni. Ìgbìmọ̀ TRCN tí ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ náà lágbára láti yọ orúkọ olùkọ́ tí ó bá ṣìwà hù. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ gba owó gbà-má-bínú, kí ó má fi falẹ̀: oṣù mẹ́ta péré láti ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ ni òfin tí ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fi sílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìpàdé ẹ̀bẹ̀ jẹ àkókò náà tán kí ẹ tó rí agbẹjọ́rò.