Bí Àwọn Ará Long Island Ṣe Ní Sùúrù fún Ẹgbẹ́ Wọn

Ẹni tí ó gbin iṣu kì í máa wú u wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta láti mọ̀ bóyá ó ti ta. Gbogbo wa ni a mọ èyí, ṣùgbọ́n àwa kan náà ni a máa ń fẹ́ kí ọmọ tí a mú wá sí ilé-ìwé ní oṣù kìíní gba ipò kìíní kí Ọdún Àjíǹde tó dé. Mo ti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu òbí púpọ̀ nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Bóyá nítorí rẹ̀ ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe wù mí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ òtútù ni ó ti ṣẹlẹ̀, nínú eré kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò fi ojú rí rí.

Họ́kì orí omi dídì ni eré náà. Ẹni mẹ́fà ni ó máa ń dúró fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn sì ni aṣọ́lé. Omi dídì tí ó ń dán bí dígí ni pápá wọn. Bàtà tí a kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ mímú mọ́ lábẹ́ ni wọ́n ń wọ̀. Ọ̀pá tí ó tẹ̀ ní ìdí ni wọ́n fi ń lé róbà líle pẹlẹbẹ kan kiri, kí wọ́n lè gbá a wọ inú àwọ̀n. Àwọn ará Kánádà ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ife tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń du lọ́dọọdún ni Ife Stanley, èyí tí Lọ́ọ̀dù Stanley, Gómìnà Àgbà Kánádà, fi ta wọ́n lọ́rẹ ní ọdún 1892.

Ní ọdún 1972 ni a dá ẹgbẹ́ titun kan sílẹ̀ ní Long Island, erékùṣù gígùn tí ó nà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn ìlú New York, a sì pè é ní Islanders. Ìlú New York ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ láti ọdún 1926, èyíinì ni Rangers, àwọn titun yìí sì ní láti san owó gọbọi fún wọn nítorí pé wọ́n wọ inú oko wọn. Àwọn eléré tí a fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ èyí tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù lè ṣe aláìní. Nínú àwọn wọ̀nyí pàápàá, àwọn kan sá lọ sí líìgì mìíràn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà.

Ọdún àkọ́kọ́ burú jáì. Nínú ìdíje 78, wọ́n borí ní 12, wọ́n ta ọ̀mì ní 6, wọ́n sì fìdí rẹmi ní 60. Títí di ìgbà náà, kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì yìí tí ó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ rí láàárín sáà kan. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń fi owó àpò wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń lọ jókòó ní gbọ̀ngàn Nassau Coliseum. Bí ó bá jẹ́ Rangers ni ó wá bá wọn ṣeré, ariwo àwọn àlejò a máa bo ti onílé mọ́lẹ̀. Ẹ wo irú ẹ̀tẹ́ tí èyí jẹ́, kí á máa fi ọ ṣe ẹlẹ́yà nínú ilé rẹ! Ọjọ́ ayọ̀ kan wà tí wọn kò gbàgbé: ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1973, wọ́n lọ bá Bruins ní ìlú Boston, àwọn tí ó gba Ife Stanley ní ọdún tí ó ṣáájú, wọ́n sì nà wọ́n ní 9 sí 7. Ẹni tí ebi ń pa kì í kọ ẹ̀kọ àná, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n sì fi ń jẹ ọjọ́ kan yìí.

Ọkùnrin tí ń ṣe alábòójútó ẹgbẹ́ náà ni Bill Torrey. Kí ẹ tó lè mọ ohun tí ó ṣe, ẹ ní láti mọ àṣà kan nínú líìgì náà. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ń pàdé láti yan àwọn ọ̀dọ́ eléré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà bọ̀, nígbà náà, ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe ìkẹyìn ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ yàn, kí òṣì má baà tà kún òṣì. Bí ó ti rí nìyí ní ọdún 1973: Islanders ni ó ní àyè àkọ́yàn, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé Denis Potvin, ọmọ ọdún 19, ni ó tayọ nínú àwọn ọ̀dọ́ ọdún náà. Sam Pollock, alábòójútó ẹgbẹ́ Montreal, wá bá Torrey. Ó ní òun yóò fún un ní àwọn eléré tí wọ́n ti dá ọwọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó sáà gbé àyè náà fún òun. Ẹ rò ó wò: ẹgbẹ́ tí ó pàdánù nígbà méjìdínláàádọ́ta ju kí ó borí lọ, tí ẹnìkan fi ìrànlọ́wọ́ ojú ẹsẹ̀ lọ̀! Torrey kọ̀.

Ó ní ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ó ti ṣiṣẹ́ rí fún Seals, ẹgbẹ́ ìlú Oakland ní California. Ní ọdún 1970 ni Seals gbé àyè àkọ́yàn wọn ti ọdún tí ń bọ̀ fún Pollock yìí kan náà, kí wọ́n lè rí ẹni tí yóò tètè ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1971, Seals ni ó ṣe ìkẹyìn, Pollock sì fi àyè wọn mú Guy Lafleur, ẹni tí ó di ọ̀kan nínú àwọn eléré tí ó lókìkí jù lọ nínú ìtàn Montreal. Seals kó lọ sí ìlú Cleveland ní ọdún 1976. Ní ọdún 1978 a pa wọ́n pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Minnesota, ilé wọn sì wó. Èmi kò ní pe àwọn Seals ní òmùgọ̀. Ojú ń kán wọn ni, wọ́n sì jẹ irúgbìn wọn.

Ní ọdún 1973 náà ni Al Arbour dé láti máa kọ́ ẹgbẹ́ náà. Ọkùnrin yìí a máa wo awò ojú ṣeré nígbà èwe rẹ̀, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nínú eré líle bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tún ṣe ìkẹyìn ní ìpín wọn ní sáà kejì, ṣùgbọ́n wọ́n borí ní ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún. Clark Gillies àti Bryan Trottier ni a yàn ní ọdún 1974. Ní sáà kẹta, àwọn tí a ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà dé ìdíje àṣekágbá àkọ́kọ́ wọn, Rangers ni wọ́n sì bá pàdé! Ọ̀kan ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan borí nínú ìdíje méjì. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nínú àfikún àkókò, J. P. Parise gbá róbà wọ àwọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá 11 péré. Lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ Pittsburgh nà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, wọ́n sì dìde borí mẹ́rin tí ó kù. Toronto nìkan ni ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ní ọdún 1942. Philadelphia ni ó dá wọn dúró, ní ìdíje keje.

Lójú tèmi, láti ìgbà náà ni sùúrù tí ó le gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò retí nǹkan kì í dùn ún púpọ̀ bí kò bá rí i. Ẹni tí a ti fi òórùn ọbẹ̀ hàn ni ebi ń pa jù. Ní ọdún 1977 wọ́n yan Mike Bossy, lẹ́yìn tí a ti pe ọ̀dọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú rẹ̀, ó sì jẹ góòlù 53 ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ náà ti gbó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1978, Toronto lé wọn jáde nínú gbọ̀ngàn wọn, ní àfikún àkókò ìdíje keje, láti ọwọ́ Lanny McDonald. Ní ọdún 1979, àwọn ni ó ní máàkì tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo líìgì, 116. Rangers ni ó lé wọn jáde. Rangers! Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé àwọn eléré wọ̀nyí kò ní ọkàn, pé bí ọ̀ràn bá ti le, wọn yóò rọ.

Torrey kò tú ẹgbẹ́ náà ká. Ohun kan ṣoṣo ni ó ṣe, ó sì dun àwọn ènìyàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1980, ó fi Billy Harris àti Dave Lewis ránṣẹ́ sí Los Angeles, ó sì gba Butch Goring níbẹ̀. Harris yìí ni ọ̀dọ́ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà yàn, ní ọdún 1972. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdánù ní ọgọ́ta, fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sì pa ìdíje kan jẹ.

Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1980, Islanders àti Philadelphia pàdé ní Nassau Coliseum, ní ìdíje kẹfà fún ife náà. Wọ́n ta ọ̀mì ní 4 sí 4. Àfikún àkókò dé ìṣẹ́jú keje kọjá díẹ̀. Lorne Henning gbé róbà fún John Tonelli, Tonelli gbé e kọjá síwájú àwọ̀n, Bob Nystrom sì tì í wọlé. Henning àti Nystrom, méjèèjì wà nínú àwọn ọ̀dọ́ tí a yàn pẹ̀lú Harris ní ọdún 1972. Aṣọ́lé tí ó wà lẹ́yìn wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà, Billy Smith, wà níbẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ pẹ̀lú. Lára àwọn tí ó ń sunkún ayọ̀ lórí ìjókòó ni àwọn tí Rangers ti fi ariwo bò mọ́lẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn.

Wọ́n gba ife náà ní ọdún 1981, ní 1982 àti ní 1983, kí àwọn ọ̀dọ́ Edmonton, tí àwọn Islanders fúnra wọn ti nà ní ọdún tí ó ṣáájú, tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1984.

Ní ọdún 1984 kan náà ni Billy Harris fi eré sílẹ̀. Kò gba ife náà rí. Nígbàkúùgbà tí mo bá rántí gbogbo ìtàn yìí, òun ni ọkàn mi máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.